Bátìrì Wo? Pupa Wo? Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Àyẹ̀wò Ọkọ̀ Ẹlẹ́rọ-Méjì ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́

1. Ìfáàrà

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ méjì yẹ̀ wò tí kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ̀ wọ́n. Èkíní ni bátìrì, èkejì ni pupa. Àyálò ni èkíní, ó sì ti di tiwa pátápátá. Ojúlówó ọ̀rọ̀ Yorùbá ni èkejì. Ohun tí ó pa wọ́n pọ̀ ni pé ìtumọ̀ àwọn méjèèjì gbòòrò ju ohun tí iṣẹ́ kan báyìí lè gbà láyè lọ. Iṣẹ́ náà ni àyẹ̀wò ọkọ̀ ẹlẹ́rọ-méjì tí ó ti gbó.

Ọkọ̀ ẹlẹ́rọ-méjì ni a pe ọkọ̀ tí ó ní ẹ̀rọ tí ń jẹ epo bẹntiróòlù, tí ó sì tún ní ẹ̀rọ tí ń jẹ iná ẹ̀lẹ́tíríìkì, tí àwọn méjèèjì jọ ń yí ẹsẹ̀ ọkọ̀. A ó sọ ìdí tí a fi yan orúkọ yìí bí ó bá yá. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tuntun láyé mọ́. Ọdún 1997 ni ilé-iṣẹ́ Toyota kọ́kọ́ ta Prius ní ilẹ̀ Jàpáànù. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti kéde ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, tí iye owó lítà epo kan sì ju ìlọ́po méjì lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀, ni àwa tí kì í ṣe olówó bẹ̀rẹ̀ sí wò ó pé ọkọ̀ tí kì í mu epo púpọ̀ ni ó yẹ wá. Tòkunbọ̀ ni agbára wa ká. Ìran kejì Prius, tí wọ́n ṣe láti 2003 títí di 2009, ni òǹkọ̀wé yìí ń wà, òun náà ni a ó sì fi ṣe àpẹẹrẹ jálẹ̀ iṣẹ́ yìí. Èyí tí ó kéré jù nínú wọn lọ́jọ́ orí ti lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ohun tí ó bá ti pé tó bẹ́ẹ̀ kò lè ṣàì máa kígbe, ojú pánẹ́ẹ̀lì ni ọkọ̀ sì ti ń kígbe tirẹ̀.

Àwọn tí ó ń gbọ́ igbe náà ni àwọn oníṣẹ́ iná ọkọ̀ tí gbogbo ayé ń pè ní rewáyà. Yorùbá ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ iṣẹ́, Yorùbá ni wọ́n fi ń bá ọlọ́kọ̀ ṣe àdéhùn owó. Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé tí ó bá ọkọ̀ wá. Àlàfo tí ó wà láàárín àwọn méjèèjì ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lórí.

Iṣẹ́ ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-ìperí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ dá ètò ẹ̀kọ́ ọlọ́dún mẹ́fà sílẹ̀ ní 1970, tí wọ́n ń fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, wọn kò lè ṣe é láìwá orúkọ fún ohun púpọ̀. Ayọ̀ Bámgbóṣé ni ó ṣe olóòtú ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí ó jáde ní 1984. Ọládélé Awóbùlúyì ni ó ṣe olóòtú apá kejì tí ó jáde ní 1990. Inú kíláàsì ni irú àwọn ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń lọ. Abẹ́ igi tí rewáyà ń jókòó sí ni àwọn tiwa ń lọ, wọn yóò sì gba ìdánwò níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fi wọ́n sínú ìwé.

2. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀

Òǹkàwé yóò gbà wá láyè kí a sọ ìtàn kúkúrú méjì.

Ní ọdún 2024, mo gbéra ní Ọ̀yọ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo gba Odò-Ọbà kọjá, mo sì sùn sí Ògbómọ̀ṣọ́ nítorí iṣẹ́ tí mo ní láti ṣe níbẹ̀ ní ọjọ́ kejì. N kò mọ̀ pé ìlẹ̀kùn búùtù kò wọlé dáadáa. Iná kékeré tí ó wà nínú rẹ̀ sì tàn mọ́jú. Nígbà tí mo tẹ bọ́tìnnì ní òwúrọ̀, kò sí iná tí kò yọ lójú pánẹ́ẹ̀lì, gbogbo wọn sì ń ṣẹ́jú bí ẹni tí oorun ń kùn. Ọkọ̀ kò mira. Mo tẹ rewáyà kan láago, mo ṣàlàyé ohun tí mo rí fún un. Ó ní, “Ẹ má dààmú, Dókítà. Bátìrì ló kú. Ẹ bá wa wá owó bátìrì, mo ń bọ̀.” Mo dààmú gan-an ni, nítorí mo ti gbọ́ lẹ́nu àwọn ẹlòmíràn pé owó bátìrì irú ọkọ̀ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ra alùpùpù. Mo pe oníṣòwò kan ní Ọ̀yọ́ tí ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ tòkunbọ̀, mo sì san àsansílẹ̀ kí bátìrì náà má baà bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Rewáyà dé. Ó sọ bátìrì kékeré kan kalẹ̀ lẹ́yìn alùpùpù, irú èyí tí ó wà nínú ọkọ̀ gbogbo, ó fi wáyà méjì so ó mọ́ ibi tí a ń so ó sí lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ní kí n tẹ bọ́tìnnì. Àwọn iná náà kú lọ́kọ̀ọ̀kan, ọkọ̀ sì ṣetán láti lọ. Mo ní, “Ṣebí ẹ ní bátìrì ti kú?” Ó ní, “Bátìrì náà ni mo wí, sà.” Òótọ́ ni ó sọ, òótọ́ ni èmi náà gbọ́. Àsansílẹ̀ mi kò sì padà títí di òní.

Ìtàn kejì kò pani lẹ́rìn-ín. Ní oṣù díẹ̀ lẹ́yìn èyí, ní Ọ̀yọ́, wọ́n ṣí ìbòrí bátìrì ńlá inú ọkọ̀ náà láti gbọn eruku ọyẹ́ kúrò lára rẹ̀. Búùtù ni bátìrì kékeré náà wà, ní ìhà ọ̀tún, nítorí náà àwọn méjèèjì wà ní gbangba pọ̀. Wọ́n ti tú wáyà dúdú kúrò lórí kékeré. Ọ̀gá wí fún ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ láìgbójú sókè pé, “Tú wáyà pupa yẹn.” Pupa orí bátìrì kékeré ni ó ní lọ́kàn. Ọwọ́ ọmọ náà ń lọ sí orí wáyà kan tí ó nípọn bí àtàǹpàkò, tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí epo pupa tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sè, tí ó sì ti inú bátìrì ńlá jáde. Ọ̀gá gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù. Ó bú u pé, “Ṣé o fọ́jú ni?” Ọmọ náà ń gbọ̀n, ó ní, “Ọ̀gá, pupa náà nìyẹn.”

Bí a bá gbé ẹjọ́ náà wá síwájú èdè Yorùbá, ọmọ náà kò jẹ̀bi.

3. Bátìrì

Kí a tó lè sọ ohun tí ó ṣe bátìrì, ó yẹ kí a mọ iye bátìrì tí ó wà. Nínú ọkọ̀ lásán, ẹyọ kan ni, fóòtì 12. (Fóòtì ni a fi ń wọn ipá tí ó ń ti iná lọ nínú wáyà.) Bátìrì yìí ni ó ń yí sítátà, sítátà ni ó ń jí ẹ̀rọ, ọ́tánétọ̀ sì ń dá iná padà fún bátìrì bí ẹ̀rọ bá ti ń ṣiṣẹ́. Gbogbo ohun tí rewáyà kọ́ nígbà tí ó wà lọ́mọ iṣẹ́ dúró lórí ìmọ̀ yìí.

Prius kò ní sítátà, kò sì ní ọ́tánétọ̀. Ó ní bátìrì méjì. Kékeré jẹ́ fóòtì 12 bí ti ọkọ̀ gbogbo, ṣùgbọ́n kì í yí ẹ̀rọ rárá. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń jí àwọn kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀, ó ń tan iná pánẹ́ẹ̀lì, ó ń ṣí ìlẹ̀kùn, ó sì ń pa ojú ọ̀nà dé tàbí ṣí i fún iná bátìrì ńlá láti jáde. Bátìrì ńlá ni ó ń gbé ọkọ̀ rìn, òun náà ni ó ń jí ẹ̀rọ epo, òun náà ni a sì ń gba iná lọ́wọ́ rẹ̀, tí a bù ú kù, tí a fi ń bọ́ kékeré. Nítorí náà, bí kékeré bá rẹ̀, ńlá kò rí ojú ọ̀nà gbà bí ó tilẹ̀ kún fọ́fọ́. Èyí ni ó fa ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Èyí tún ni ìdí tí iná ìkìlọ̀ fi máa ń yọ lọ́pọ̀ lójú pánẹ́ẹ̀lì bí kékeré bá ti ń kú lọ: kọ̀ǹpútà tí ebi ń pa ń fi ẹ̀sùn kan ẹni tí kò ṣẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí rewáyà kọ́kọ́ yẹ̀ wò nìyí, kì í sì í gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Bí ọkọ̀ bá ti sinmi, kí mítà ka nǹkan bí 12.6 lórí kékeré. Bí ó bá ka 11.8, iná inú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Bí ọkọ̀ bá wà ní títàn, kí mítà ka nǹkan bí 14. Bí kò bá kà á, bátìrì ńlá kò bọ́ ọ mọ́, ibòmíràn ni kí a wá àìsàn náà lọ.

Àwọn rewáyà tí a bá sọ̀rọ̀ ń pe àwọn méjèèjì ní bátìrì kékeré àti bátìrì ńlá nígbà tí wọ́n bá rántí láti fi ẹyán kún un. Ìyàtọ̀ náà dára, ṣùgbọ́n kò ká a. Ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ lára ọkọ̀ akẹ́rù ti ń lo bátìrì ńlá láti ọjọ́ tí ó ti pẹ́, fóòtì 12 sì ni èyí náà. Bí a bá ní kí ó kíyè sára nítorí bátìrì ńlá, yóò rẹ́rìn-ín músẹ́. A ní láti fi iṣẹ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe sọ ọ́ lórúkọ, kì í ṣe títóbi rẹ̀.

Orúkọ tí ó kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn fún kékeré ni bátìrì ìṣíná. Ó dùn létí, ṣùgbọ́n irọ́ ni nínú ọkọ̀ yìí, nítorí pé ńlá ni ó ń ṣíná. Lẹ́yìn náà ni a rò ó pé, nígbà tí ó jẹ́ pé jíjí ni ó ń jí ọkọ̀, kí a pè é ní bátìrì ìjíkọ̀. A kò tíì sọ ọ́ délẹ̀ tí ẹnì kan fi bi wá léèrè pé àwọn olè ni wọ́n ń lo irú bátìrì bẹ́ẹ̀ ni. Jí tí a fi ń la ojú àti jí tí a fi ń kó ohun olóhun, ohùn kan náà ni wọ́n ní, kò sì sí bí a ṣe lè yà wọ́n. Ohun tí ó yanjú ọ̀rọ̀ ni ọ̀rọ̀ tí àwọn rewáyà ti ń lò tẹ́lẹ̀. Ọpọlọ ni wọ́n ń pe kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀. Bátìrì tí ó ń bọ́ ọpọlọ, bátìrì ọpọlọ ni. Èyí tí ó ń gbé ọkọ̀ rìn, bátìrì ìwakọ̀ ni. A sọ ọ́ fún rewáyà kan lẹ́ẹ̀kan péré. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, a gbọ́ tí ó ń lò ó fún oníbàárà mìíràn bí ẹni pé ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ni ó ti gbọ́ ọ.

Àwọn kan yóò ní kí a kúkú lé bátìrì lọ, kí a mú àká wá: àká iná, bí a ti ń kó àgbàdo sí àká. Orúkọ náà rẹwà. A kò fara mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ tí ó ti ń gbé lẹ́nu àgbẹ̀, oníṣòwò àti ọmọ iléèwé fún ìgbà pípẹ́, a kì í lé e jáde nítorí pé àjèjì ni baba ńlá rẹ̀. Ohun tí ó ṣe bátìrì kì í ṣe ibi tí ó ti wá. Ẹyán ni kò ní.

Inú bátìrì ìwakọ̀ náà ní orúkọ tirẹ̀ láti gbà. Ẹyọ tí ó kéré jù, tí ó ń fúnni ní fóòtì 1.2, ni a dábàá pé kí á máa pè ní awẹ́. Àwọn onímọ̀ èdè ti gba awẹ́ lára obì fún gbólóhùn. Kò sí ohun tí ó ní kí àwọn ti iná má gbà á. Awẹ́ mẹ́fà wà nínú páálí kan, èyí tí a pè ní ìdì, fóòtì 7.2. Ìdì 28 tò tẹ̀ léra nínú bátìrì ìwakọ̀, àpapọ̀ wọn sì jẹ́ fóòtì 201.6. Kọ̀ǹpútà kì í ṣọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, méjì-méjì ni ó ń ṣọ́ wọn, ìsọ̀rí 14. A pe ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan ní ìbejì. Bí ìbejì kan bá ń ṣàìsàn, ẹ̀rọ àyẹ̀wò lè sọ èyí tí í ṣe: kóòdù P3011 ń tọ́ka sí èkíní, P3024 ń tọ́ka sí èyí tí ó kẹ́yìn. Rewáyà tí ó bá ka P3015 lè wí fún ọlọ́kọ̀ pé, “Ìbejì karùn-ún nínú bátìrì ìwakọ̀ ni ó ń rẹ̀.” Gbólóhùn yìí kò ní pọ́n-na kankan. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ kò ní lọ san àsansílẹ̀ lórí ohun tí kò bàjẹ́.

4. Kíkú bátìrì

Bí ọ̀rọ̀-orúkọ ti gbòòrò, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó ń bá a rìn. Bátìrì fóònù tí iná rẹ̀ tán, ó ti kú. Bátìrì tí kò gba iná mọ́, ó ti kú. Ikú kìíní ní àjíǹde, èkejì kò ní. Yorùbá ní ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó tó láti yà wọ́n bí a bá fẹ́. Lọ sílẹ̀ ni kí á máa lò nígbà tí iná inú bátìrì bá dínkù, tí a sì lè dá a padà. Gbó ni kí á máa lò nígbà tí bátìrì ṣì ń gba iná ṣùgbọ́n tí kò lè gbà tó ti tẹ́lẹ̀: ó yá kún, ó yá tán, bí agbè tí a gbẹ́ sára rẹ̀ nípọn jù. Kú, kí á fi pamọ́ fún awẹ́ tí kò ní iná mọ́ rárá.

Ìyàtọ̀ yìí ni ó sọ iye tí ènìyàn yóò san. Awẹ́ kan tí ó kú á mú fóòtì 1.2 kúrò lára ìbejì rẹ̀. Bí àwọn yòókù bá ń ka 15.4, tí ìbejì kan sì ń ka 14.2 nígbà gbogbo, pàápàá nígbà tí ọkọ̀ bá ń gun òkè, ibẹ̀ ni òkú wà. Ìdì kan ni a ó pààrọ̀. Ṣùgbọ́n bí gbogbo ìbejì bá jọ ń lọ sókè-sódò kíákíá, tí ìyàtọ̀ àárín wọn kò pọ̀, gbogbo wọn ni ó ti gbó; ẹni tí ó bá pààrọ̀ ìdì kan nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ yóò padà wá pààrọ̀ òmíràn kí oṣù mẹ́ta tó pé. Ẹ̀kẹta tún wà tí ó ń fi ara jọ ikú, tí kì í sì í ṣe ikú: irin bàbà pẹlẹbẹ tí ó so àwọn ìdì pọ̀ máa ń dípẹtà, kọ̀ǹpútà kò sì ní gbọ́ ohùn ìbejì náà dáadáa mọ́. Ìwọ̀nba iṣẹ́ ìfọ̀nù àti sùúrù ni oògùn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á wá wo kóòdù P0A80, èyí tí ó ti kó ìpayà bá ọlọ́kọ̀ púpọ̀. Àwọn kóòdù yòókù máa ń bá orúkọ àìsàn wá: ooru ti pọ̀ jù, fóòtì ti dínkù. Orúkọ tí àwọn tí ó ṣe kóòdù fún èyí yàtọ̀. Gbólóhùn àṣẹ ni: Pààrọ̀ bátìrì ìwakọ̀. Rewáyà á gbé ojú ẹ̀rọ àyẹ̀wò han ọlọ́kọ̀, á ní, “Ẹ wo ohun tí ó wí.” Kò sí ẹni tí ó lè bá ẹ̀rọ jiyàn. Bí a bá wò ó fínnífínní, ohun tí kọ̀ǹpútà rí kò ju èyí lọ pé ìyàtọ̀ àárín àwọn ìbejì ti kọjá ààlà. Ìwọ̀nyí lè jẹ́ awẹ́ kan tí ó kú. Wọ́n sì lè jẹ́ àwọn ìdì tí ó gbó. A dábàá pé nígbà tí a bá ń sọ kóòdù yìí ní Yorùbá, kí a sọ ọ́ di gbólóhùn àlàyé: Àwọn ìbejì kò dọ́gba mọ́. Àlàyé ni yóò mú kí a béèrè ìbéèrè. Àṣẹ kì í fi àyè sílẹ̀ fún un. P0A93, ẹ̀wẹ̀, kò kan bátìrì rárá. Ẹ̀rọ tí ń yí iná padà láàárín bátìrì ìwakọ̀ àti ẹ̀rọ iná ni omi rẹ̀ kò tutù dáadáa, ó sì lè jẹ́ pé pọ́ǹpù kékeré kan ni ó ti dúró. Iná ojú pánẹ́ẹ̀lì tí ó yọ fún P0A80 lè yọ fún òun náà. A kì í fi ète sílẹ̀ pa làpálàpá. Bẹ́ẹ̀ náà ni a kì í ra bátìrì nítorí pọ́ǹpù.

Ohun tí ó ń mú bátìrì ìwakọ̀ gbó kíákíá ní agbègbè wa kò fara sin. Ẹ̀yìn àga ẹ̀yìn ni ó wà, inú ọkọ̀ ni fáànù rẹ̀ sì ti ń fa afẹ́fẹ́ tútù, láti ojú ihò kan tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga náà. Ojú ihò yìí ni àwa ń gbé àpò gààrí, ìwé ìdánwò àti aṣọ àríyá lé. Eruku ọyẹ́ á wọlé, irun àti òwú á bá a lọ, fáànù á sì dí. Ooru a sì máa ba irú bátìrì yìí jẹ́ ju ìrìn lọ. Mo bá abọ́ gbẹ̀ẹrẹ̀gẹ̀ kan tí ó kún fún eruku nínú tèmi. Nínú gbogbo orúkọ tí a ń wá, èyí nìkan ni a kò ní láti wá: ihò afẹ́fẹ́ bátìrì, ọmọdé gbọ́ ọ.

5. Pupa

Funfun, dúdú àti pupa ni òpó mẹ́ta tí àwọ̀ dúró lé lórí ní Yorùbá. Nígbà tí Berlin àti Kay gbé ìwé wọn lórí orúkọ àwọ̀ jáde ní 1969, wọ́n ka irú ètò olópòó mẹ́ta báyìí sí ọ̀kan lára àwọn tí ó wọ́pọ̀ nínú èdè ayé. Kò sí àbùkù kan nínú rẹ̀. Pupa ni ẹ̀jẹ̀, pupa ni epo, pupa ni ènìyàn tí awọ ara rẹ̀ mọ́lẹ̀, pupa ni ògiri alámọ̀. Bí a bá fẹ́ ya ọ̀kan sọ́tọ̀, a ó fi ọ̀rọ̀ mìíràn tì í lẹ́yìn: pupa dòdò, pupa rúsúrúsú, pupa fòò. Ó tó wa lò láti ọjọ́ aláyé ti dáyé.

Kò tó lójú pánẹ́ẹ̀lì. Àwọn tí ó ṣe ọkọ̀ pín iná ìkìlọ̀ sí ọ̀nà méjì pàtàkì. Èyí tí ó pọ́n bí ẹ̀jẹ̀ ń wí pé kí awakọ̀ wá ibi tí kò léwu kí ó dúró. Èyí tí ó pọ́n bí ìyeyè ń wí pé kí ó máa lọ jẹ́jẹ́, kí ó sì wá oníṣẹ́ rí láìpẹ́. Iná pupa ni a ń pe àwọn méjèèjì. Bí ọlọ́kọ̀ bá pe rewáyà láti ojú ọ̀nà pé, “Iná pupa ti yọ,” rewáyà kò mọ̀ bóyá kí ó ní kí ó dúró ni tàbí kí ó máa bọ̀.

A lè ní kí á máa lo àwọ̀ ìyeyè fún èkejì, àwọn ìwé kan sì ti ń lò ó. Ẹ̀rù wa ni pé ọmọ tí kò rí igi ìyeyè rí ni ó pọ̀ jù lónìí. Lójú tiwa, kí á fi àwọ̀ sílẹ̀, kí á mú iṣẹ́: iná ìdúró àti iná ìkíyèsí. Àmì onígun-mẹ́ta tí ó pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, tí ó ní àmì ìyanu láàárín, iná ìdúró ni. Àmì tí ó dà bí ẹ̀rọ ọkọ̀, iná ìkíyèsí ni. Ọ̀kan tún wà tí ó ń tan ènìyàn jẹ: àwòrán bátìrì kékeré kan tí ó pọ́n, tí ó ní àmì ìròpọ̀ àti ti ìyọkúrò lórí. Bí ó bá yọ, ọlọ́kọ̀ á gbé ọwọ́ lé orí pé bátìrì ìwakọ̀ ti lọ. Bátìrì ọpọlọ ni ó ń sọ nípa rẹ̀, pé kò rí iná gbà mọ́. Àwòrán náà ní pọ́n-na bí ọ̀rọ̀ náà ti ní i.

Ti wáyà ni ó le jù. Nínú iṣẹ́ rewáyà, wáyà pupa àti wáyà dúdú kì í ṣe orúkọ àwọ̀ lásán mọ́. Wọ́n ti di ọ̀rọ̀-ìperí fún ẹsẹ̀ méjì bátìrì fóòtì 12. Wáyà pupa kì í pa ènìyàn. Gbogbo wáyà tí iná bátìrì ìwakọ̀ ń gbà kọjá, àwọ̀ kan ni wọ́n fi bò wọ́n kí ojú má baà ṣì wọ́n, àwọ̀ tí àwọn Òyìnbó fi èso ọsàn sọ lórúkọ. Ìkìlọ̀ tí wọ́n fi àwọ̀ sọ ni èdè wa gbé mì. A kò lè pè é ní wáyà ọsàn, nítorí pé ọsàn tí a ń ta lójú títì ní Ògbómọ̀ṣọ́ ń dùn mọ́ni lẹ́nu nígbà tí èèpo rẹ̀ ṣì tutù bí ewé. A kò lè pè é ní wáyà aláwọ̀ epo bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ibẹ̀ ni ó sún mọ́ jù: ní ọ̀dọ̀ mẹ́káníìkì, epo ni bẹntiróòlù, ọmọ iṣẹ́ yóò sì máa wá a lọ sí ìdí táńkì.

Ohun tí a dábàá ni wáyà èèwọ̀. Èèwọ̀ kò ní kí ohun kan má sí. Ó ní kí a má fi ọwọ́ kàn án àfi ẹni tí ó ti ṣe ohun tí ó yẹ kí ó ṣe. Bí ọ̀rọ̀ wáyà yìí ti rí gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ẹni tí yóò bá fọwọ́ kàn án yóò kọ́kọ́ pa ọkọ̀, yóò tú bátìrì ọpọlọ, yóò wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ iná, yóò sì fa ìdènà tí ó wà lára bátìrì ìwakọ̀ yọ, kí ó fi sí àpò ara rẹ̀. Ọ̀gá tí a sọ ìtàn rẹ̀ lókè gba orúkọ yìí lọ́wọ́ wa láìjiyàn. Ó ti fi ọ̀dà kọ ọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, láìfi àmì ohùn sí i. A kò bá a wí.

6. Orúkọ ọkọ̀ náà, àti iná kan tí ó ṣẹ́kù

A ṣèlérí láti sọ ìdí ẹlẹ́rọ-méjì. Háíbírìdì ni orúkọ tí ó wà lẹ́nu àwọn tí ń tà á. Ẹnì kan tí mo gbé láti Òwòdé ní Ọ̀yọ́ pè é ní mọ́tò àbùlà, nítorí pé gbẹ̀gìrì àti ewédú ni wọ́n jọ wà nínú abọ́ kan; n kò tíì gbọ́ èyí tí ó dùn tó o. Àmúlùmálà ní ìbàjẹ́ nínú. Ìbaaka, ọmọ tí ẹṣin àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ bí, bá ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà mu ju gbogbo wọn lọ, ṣùgbọ́n ta ni yóò san owó tó bẹ́ẹ̀ kí wọ́n máa pe ọkọ̀ rẹ̀ ní ìbaaka? Ẹlẹ́rọ-méjì kò pani lẹ́rìn-ín, ó sì ń sọ ohun tí ó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Iná kan ṣẹ́kù, èyí tí kì í ṣe ti ìkìlọ̀, tí a sì rò pé òun ni ó léwu jù. Ìwọ̀nba kékeré ni, ó ní àwọ̀ ewé, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ó túmọ̀ sí pé ohun gbogbo ti ṣetán ni wọ́n sì kọ sí i. Nínú ọkọ̀ lásán, etí ni a fi ń mọ̀ pé ọkọ̀ ti ṣíná. Ọkọ̀ yìí lè wà ní títàn láìdún rárá. Ẹ̀rọ epo yóò sùn, bátìrì ìwakọ̀ yóò sì wà lójúfò. Mo ti rí ẹni tí ó ra abẹ́ rẹ̀ wọlé nígbà tí ó wà báyìí, tí ẹ̀rọ epo sì jí lójijì sí i lórí. A kò lè sọ pé ọkọ̀ náà ti ṣíná, kò sì tíì kú. A dábàá pé kí á ní ó wà ní sẹpẹ́, kí á sì máa pe iná náà ní iná sẹpẹ́. Ìbéèrè tí ọmọ iṣẹ́ yóò kọ́kọ́ bi ọ̀gá rẹ̀ kí ó tó mú sípánà ni pé, “Ṣé iná sẹpẹ́ ti kú?” Bí ó bá ti kú, tí wọ́n sì ti yọ ìdènà bátìrì ìwakọ̀, kí wọ́n tún dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, nítorí iná tí ó ṣì kù nínú ẹ̀rọ tí ń yí iná padà, kí ẹnikẹ́ni tó na ọwọ́ sí wáyà èèwọ̀.